Oríkì Tí Ìbíjọkẹ́ Kì fún Óòkéè

Ẹ má sọ fún mi pé àlá ọ̀sán kì í ṣẹ. Èyí tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí, ọ̀sán gangan ni Ìbíjọkẹ́ aránṣọ lá a, ní Sátidé tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìkìrun, tí ó gbé orí lé tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, tí téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ sì ń rọra kán sórí aṣọ oníbàárà. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi rọ́ ọ fún mi, ó sì búra pé òun kò fi iyọ̀ sí i. Bí ẹ bá rí iyọ̀ níbẹ̀, èmi ni mo bù ú.

Ṣùgbọ́n kí á tó wọ inú àlá, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ń da ọkàn ọmọ náà rú.

Ìbíjọkẹ́ ń fẹ́ ọkùnrin kan. Adégoróyè lorúkọ rẹ̀, káfíńtà ni, òrùlé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí Adégoróyè, ojú yín ṣì ń jẹ gbèsè. Ó ga, ó dúdú bíi kóró iṣin, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹni tí ebi ń pa á gbàgbé oúnjẹ. Ọdún méjì ni òun àti Ìbíjọkẹ́ ti ń fẹ́ ara wọn, ìfẹ́ tó mọ́ bí omi òjò nínú àwo funfun. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni iṣẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin, ó lọ kan òrùlé ilé ìwé kan níbẹ̀, Ìbíjọkẹ́ sì ń fi ìrántí rẹ̀ sùn, ó ń fi í jí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, bàbá Ìbíjọkẹ́ jẹun tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìbíjọkẹ́, bí ẹnìkan bá wà tó ń fẹ́ ọ, kí n rí i nínú ilé yìí kí ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Bí kò bá sí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó wà ní Àkúrẹ́ máa wá wò ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti gbọ́ 'ó ń bọ̀, ó ń bọ̀' tó."

Ìbíjọkẹ́ kò sùn. Ó mú fóònù, ó kọ gbogbo ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún olólùfẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun ń dúró dè é bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń dúró de òjò àkọ́rọ̀. Ó kọ ọ́ pé ọkùnrin ará Àkúrẹ́ kò ní rí nǹkan kan nínú ojú òun, torí ojú òun ti kún. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ṣé wàá wá kí bàbá mi lọ́jọ́ Àìkú?"

Èsì dé ní àárọ̀ Sátidé. Lẹ́tà méjì. O àti K: Óòkéè. Kò sí "ìfẹ́ mi" níbẹ̀, kò sí "Àníkẹ́," oríkì tó fi ń pè é tẹ́lẹ̀, kò sí àwòrán ọkàn pupa, kódà kò sí àmì ìdánudúró.

Ó kà á, ó dojú fóònù délẹ̀. Ó tún gbé e sókè, ó tún un kà, bóyá ọ̀rọ̀ mìíì yóò ti hù sí i.

Àǹtí Morẹ́nikéjì, àbúrò bàbá rẹ̀, jókòó sí ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, ó ń dúró de búláòsì rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ó na ọrùn, ó yọjú wo fóònù, ó sì pòṣé.

"Jọkẹ́, ẹni tó fẹ́ràn èèyàn kì í fi lẹ́tà méjì dá a lóhùn. Irú Óòkéè yẹn, ìwọ ò mọ̀ ọ́n, èmi mọ̀ ọ́n. Ó túmọ̀ sí pé, 'Mo ti gbọ́, jẹ́ kí n sinmi.'"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Má jọ̀ọ́ mi. Káfíńtà ni o lọ gbé ọkàn fún, kí lo fẹ́ kó fi ṣe? Kó fi kan àga? Bọ́tìnnì mi kẹta ò dúró dáadáa, fún un lójú abẹ́rẹ́ kan sí i."

Ìbíjọkẹ́ fún un lójú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, Àǹtí sì gbé búláòsì rẹ̀, ó lọ. Oòrùn mú. Omi ojú kan ṣoṣo, tó tóbi bí ìlẹ̀kẹ̀, jábọ́ sórí aṣọ. Orí rẹ̀ tẹ̀ lé omi náà, ó sùn lọ fọnfọn.

Àlá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Fóònù gbọ̀n jìgìjìgì, ọkùnrin kékeré kan sì jáde láti inú rẹ̀. Kò ga ju ìdajì rúlà lọ. Orí rẹ̀ rí róbótó, kò sí irun níbẹ̀, kò sí etí, ihò ńlá kan ló wà láàárín rẹ̀ tí a lè wo ẹ̀yìn rẹ̀ gba ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan nà sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nà síwájú, bí sójà tó ń yan. Ìbíjọkẹ́ mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Óòkéè ni.

"Ẹ káàsán o," ni Ìbíjọkẹ́ wí, torí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé nìyẹn.

"Óòkéè."

"Ẹ kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà lẹ dé?"

"Óòkéè."

"Ẹni tó rán yín ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

"Óòkéè."

"Ṣé ó ṣì fẹ́ràn mi?"

Ọkùnrin kékeré náà fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà síwájú ha tábìlì. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Óòkéè," ó wí, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ló wí i, bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́nà ọ̀fun.

Ẹ̀rọ ìránṣọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá gbin. "Ìwọ ọmọ yìí," ni ẹ̀rọ wí, "láti ayé ìyá ìyá rẹ ni mo ti ń ránṣọ, n kò rí àlejò tó burú tó báyìí rí. O kí i, kò dáhùn; o bi í, kò wí. Gbé e lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n á tú u fún ọ."

"Ọ́fíìsì wo, ẹ̀yin màmá?"

"Ẹsẹ̀ rẹ ni kí o fi tẹ̀ mí, kì í ṣe ẹnu."

Ìbíjọkẹ́ kò rí ohun tó yani lẹ́nu nínú èyí. Ó fi Óòkéè sínú àpò èépírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó jókòó dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ dìde nílẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde, ó kọjá lórí àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ó ń gòkè lọ lókè àwọn àpáta Ìkìrun. Bó ṣe ń lọ ni abẹ́rẹ́ ń rán òfuurufú. Ìbíjọkẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó rí ojú rírán náà bó ṣe gún régé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí dé ìdí ìkùukùu, kò wọ́, kò sún. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní àwọn tó ń sọ pé òun kì í rán ojú ìlà tó gún, kí wọ́n gbójú sókè.

Ọ́fíìsì náà léfòó sójú ọ̀run. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kan nísàlẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e dé ìpínlẹ̀ ẹlòmíì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà: ILÉ IṢẸ́ ÌTUMỌ̀ Ọ̀RỌ̀ KÉÉKÈÈKÉ. Ẹ JỌ̀WỌ́ Ẹ NU ẸSẸ̀ SÍ ÌKÙUKÙU. Ìbíjọkẹ́ nu ẹsẹ̀.

Àwọn èèyàn tò sẹ́nu ọ̀nà, oníkálukú gbé Óòkéè tirẹ̀ dání.

"Ẹ kú ìdúró o," ni Ìbíjọkẹ́ kí wọn.

"Òo. Kú àbọ̀," ni wọ́n dá a lóhùn.

Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ kan, Óòkéè mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ní epo lára. "Ti mẹ́káníìkì mi ni," ó wí. "Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó ní Óòkéè. Ó fọwọ́ kan wáyà, ó ní Óòkéè. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní Óòkéè. Mọ́tò ò tíì dìde títí di báyìí."

Obìnrin kan mú tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ bí adìyẹ. "Ti ọmọ mi ni tèmi. Mo ní kó fọ abọ́, ó ní Óòkéè. Ọdún kẹta rèé."

"Ha! Ó ti ṣe ìgbéyàwó?" ni ọkùnrin alápẹ̀rẹ̀ bi í.

"Ó ti bímọ. Abọ́ ṣì wà níbẹ̀."

Baálé ilé kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ru tirẹ̀ lórí, ó wúwo débi pé ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká. Wọ́n bi í pé ta ló fún un. "Ìyàwó mi ni," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mo sọ fún un pé màmá mi ń bọ̀ wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Ó wò mí. Ó ní Óòkéè. Kò sọ nǹkan mìíì."

Àwọn ọkùnrin tó wà lórí ìlà ṣí fìlà.

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà," ni Ìbíjọkẹ́ wí, wọ́n sì gbà pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.

Nígbà tó kàn án, ó bá ara rẹ̀ níwájú Ọ̀gá Akọ̀wé. Ọkùnrin náà wọ kóòtù, ó dé fìlà, ó wọ awò ojú tí kò ní gíláàsì, òǹtẹ̀ mẹ́ta wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó gba Óòkéè, ó gbé e lé orí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹja.

"Kò tó ìyẹ́ adìyẹ," ó wí. "Ta ló kọ ọ́?"

"Adégoróyè ni, sà."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Káfíńtà ni."

"Káfíńtà!" ni Ọ̀gá Akọ̀wé wí. "Káfíńtà!" ni àwọn akọ̀wé kéékèèké mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà á, wọ́n sì ń fi fáìlì lu itan rẹ́rìn-ín. "Ìfẹ́ káfíńtà, ìfẹ́ pákó. Ikán ló máa jẹ ẹ́!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú àlá náà ni Ìbíjọkẹ́ wà o, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní, "Sà, ẹ má bínú. Òrùlé tó wà lórí yín yìí, ta ló kàn án?"

Gbogbo wọn gbójú sókè. Kò sí òrùlé. Ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀ gbalasa, ìkùukùu kan sì ń rọra kán omi sórí fáìlì.

"Ìdí nìyí," ni akọ̀wé kan wí lẹ́yìn, "tí mo fi ń fún omi kúrò lára lẹ́tà ìgbéga mi bí aṣọ láti ọdún márùn-ún."

"Ẹ rí i," ni Ìbíjọkẹ́ wí. "Ẹ ò ní káfíńtà."

Ọ̀rọ̀ yìí bí Ọ̀gá Akọ̀wé nínú. Inú bíbí náà bẹ̀rẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀: irùngbọ̀n hù níbẹ̀, ó gùn, ó sì mú ṣóńṣó. Etí rẹ̀ wó lulẹ̀ méjèèjì. Ìwo gba abẹ́ fìlà jáde. Kí ojú tó ṣẹ́, òbúkọ ló jókòó sórí àga, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ti ń jẹ fọ́ọ̀mù tí Ìbíjọkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí.

"Ẹ kú oúnjẹ, sà."

"Wá jẹun," ni òbúkọ dáhùn, torí ẹ̀kọ́ ilé kì í tán lára ẹni pátápátá. Ó gbé èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Gbọ́ òfin. Ọ̀rọ̀ tí kò ní oríkì kò nílé, èyí tí kò nílé kò nítumọ̀. Kí Óòkéè yìí ka oríkì rẹ̀ kí aago ìparíṣẹ́ tó lù. Bí kò bá ní, màá tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀ ÒFO. Bí mo bá sì ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹni tó kọ ọ́ máa gbàgbé ẹni tó kọ ọ́ sí. Ó lè pàdé rẹ lọ́nà kó bi ọ́ pé ibo ni wọ́n ń gbà lọ sí Òṣogbo."

Ìbíjọkẹ́ rí i kedere: Adégoróyè, pẹ̀lú ẹ̀rín tó lẹ́wà yẹn, ó ń bi í ní ọ̀nà Òṣogbo, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò.

"Ka oríkì rẹ," ó sọ fún Óòkéè. "Jọ̀ọ́."

Óòkéè ya ẹnu, kò rí nǹkan sọ. Ihò orí rẹ̀ kún fún omi, omi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹkún ló ń sun. Gbogbo ẹnu ló ti wọ̀ láyé, ti ọba, ti ọlọ́kadà, ti dókítà. Kò sí ẹnìkan tó kì í rí.

Ẹ ò mọ̀ pé ìyá ìyá Ìbíjọkẹ́ ló ń kọ́ àwọn ọmọge àdúgbò ní ẹkún ìyàwó láyé ọjọ́un. Obìnrin náà a máa sọ pé kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí a kò lè kì, bí èèyàn bá ti lè wò ó dáadáa. Ìbíjọkẹ́ wo Óòkéè dáadáa. Ó wo ìlà àwọn tó gbé tiwọn dání. Ó tú téèpù ọrùn rẹ̀, ó ká a mọ́ ọwọ́, ó sì gbé ohùn sókè:

"Óòkéè, Àjàní, kúkurú tí ń parí ọ̀rọ̀ gígùn!
Ẹnu mẹ́káníìkì lo ti ń jáde nígbà tí òye ò tíì yé e.
Ọmọ wí ọ, abọ́ sùn sílẹ̀;
Ọmọ tún wí ọ, ọmọ bímọ, abọ́ ṣì wà níbẹ̀.
Ìyàwó wí ọ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ dákẹ́,
Ó wí ọ lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ dìde,
Ó wí ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ ń wá bàtà.
Nọ́ọ̀sì wí ọ sétí aláìsàn, ara rọ̀ ọ́ pẹ̀sẹ̀.
Tíṣà fi ọ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́, ó fi ọ́ tì í.
Ọlọ́jà fi ọ́ gbà, ọlọ́jà fi ọ́ kọ̀,
Ohùn ni wọ́n fi ń dá ọ mọ̀, kì í ṣe ojú.
O ò kọlà, o ò nílùú,
O wá láti òkè òkun láìgbé ẹrù,
A fún ọ ní ìjókòó, o di ọmọ ilé.
Má sunkún mọ́, Àjàní.
Ẹni tí gbogbo ẹnu ń gbà lálejò, kì í ṣe aláìnílé."

Ẹ mọ bí oríkì ṣe ń ṣe orí èèyàn. Orí Óòkéè wú. Ó wú bí bàlúùnù, ó fẹ̀ dé ògiri, ó ti tábìlì sẹ́yìn, ó gbé àwọn akọ̀wé kéékèèké mọ́ fèrèsé. Ìlà tó wà níta pariwo: "Ó káre! Ọmọ náà káre!" Baálé ilé tó ru ti ìyàwó rẹ̀ lórí sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ó ní òun ti mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, kí ẹnìkan bá òun wá bàtà òun. Ìbíjọkẹ́ dúró sáàárín gbogbo rẹ̀, àyà rẹ̀ yọ síwájú, ó dà bí ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun kò gbéraga tó báyẹn rí láyé òun, àti pé ó dùn.

Óòkéè wá húkọ́. Nǹkan jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, kìn-ín! Ìṣó ni. Ó tún húkọ́. Ìṣó méje ló ti há sí i lọ́fun láti Ìlọrin, ìdí nìyẹn tí kò fi lè sọ̀rọ̀. Ìṣó kọ̀ọ̀kan dìde dúró lórí tábìlì, ó tẹríba, ó sì jíṣẹ́ rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ní, "Àníkẹ́."

Èkejì ní, "Mo."

Ẹ̀kẹta ní, "Ń bọ̀."

Omi bọ́ lójú Ìbíjọkẹ́.

Ẹ̀kẹrin ní, "Lọ́la." Ìkarùn-ún ní, "Wá." Ìkẹfà ní, "Kí."

"Kí ta?" ni Ìbíjọkẹ́ béèrè. Ó lè jẹ́ "kí bàbá rẹ." Ó sì lè jẹ́ "kí ọ pé ó dìgbóṣe." Gbogbo ayé rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìṣó kan ṣoṣo. Ìṣó keje ti dìde, ó ti tẹríba, ó ti ya ẹnu, ni òbúkọ bá na ọrùn, ó gbé e mì.

"Sà! Kí ni ìṣó yẹn fẹ́ sọ?"

Òbúkọ fi ahọ́n nu irùngbọ̀n. "Óòkéè," ó wí.

Aago ìparíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ó lù, ó lù, okùn igi ìbẹ́pẹ já, ọ́fíìsì dojú dé, Ìbíjọkẹ́ sì la ojú.

Fóònù ló ń dún. Ojú téèpù ìwọnṣọ ti tẹ̀ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, láti ogún dé ogún ó lé mẹ́fà. Orúkọ Adégoróyè ló wà lójú fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ sáré lọ gbé e, ó sì dá ọwọ́ náà dúró. Ó jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tún kólà ṣe, bí ẹni pé wọ́n lè rí i.

"Hẹ́lò."

"Mm," ni fóònù wí.

"Adégoróyè?"

"Mm. Mm-mm."

"Kí ló wà lẹ́nu ẹ?"

Ó wá gbọ́ ọ: kìn-ín, kìn-ín, kìn-ín, ohun kan ń bọ́ sínú agolo. Láìmọ̀ ọ́n mọ̀, ó kà á. Méje.

"Ìṣó ni," ni Adégoróyè wí. "Má bínú. Orí òrùlé ni mo wà, ẹnu là ń fi wọ́n pamọ́ sí. Jọkẹ́, mo fẹ́ béèrè..."

"O ò tíì kí mi."

"Ẹ̀n?"

"Ìránṣẹ́ rẹ dé láàárọ̀, kò kí mi. Mo kó gbogbo ọkàn mi fún ọ, o fi lẹ́tà méjì ránṣẹ́ sí mi. Èmi kì í ṣe ọmọ tí a rí he, Adégoróyè. Bí o bá fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, kọ́kọ́ kí mi bí wọ́n ṣe ń kí mi."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó gbọ́ bí afẹ́fẹ́ Ìlọrin ṣe ń fẹ́ lórí páànù. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà ya ẹnu, ó ké e láti orí òrùlé sí gbogbo àdúgbò:

"Àníkẹ́! Àníkẹ́ ọmọ Oyèlẹ́yẹ! Ọmọ abẹ́rẹ́ tínínrín tí ń so aṣọ ńlá pọ̀! Ẹlẹ́yinjú tí ń mú káfíńtà fi òòlù lu ìka ara rẹ̀! Mo kí ọ o! Mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dọ̀bálẹ̀ níbí, màá ṣubú!"

Ariwo sọ nísàlẹ̀. "Ọ̀gá, ta lẹ ń bá wí?" "Oòrùn ti pa ọ̀gá!" "Ìyàwó wa ni, ẹ dákẹ́!" Ẹnìkan súfèé.

Ìbíjọkẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu kí ó má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. "Mo gbọ́," ó wí. "Kí ló dé tí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kí ni mo kọ tó burú?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ wàyí. "Jọkẹ́, gbọ́. Lórí òrùlé, bí wọ́n bá na pákó ńlá sókè sí mi, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á béèrè pé, 'Ṣé o ti dì í mú?' Tí mo bá ní Óòkéè, ó máa ju ọwọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kò ní béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá sọ ọ́ láìtíì dì í mú, pákó á pa á. A kì í fi í ṣeré lókè ibí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ ọ́, pákó ò bọ́ lọ́wọ́ mi rí. O bi mí, mo sọ ọ́. Mo rò pé o ti ju ọwọ́ sílẹ̀."

Ìbíjọkẹ́ fi orí ti ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀rọ náà kò sì sọ nǹkan kan mọ́.

"Ohun tí mo fẹ́ béèrè," ni Adégoróyè ń wí lọ, "mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, àwọn ló máa ṣáájú. Aago mẹ́wàá la máa dé. Ṣé bàbá rẹ máa ń jáde láàárọ̀ Àìkú?"

"Wọn ò ní jáde," ni Ìbíjọkẹ́ wí.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó rìn gba àárín ìgboro lọ sílé bí ẹni tí ọ̀nà náà jẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ó bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀ lórí àga, Àǹtí Morẹ́nikéjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú búláòsì tuntun. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde lọ́la. Àlejò mi ń bọ̀."

"Àlejò wo?"

Tẹ́lẹ̀, gbogbo bó ṣe máa ń rò ó, "ọ̀rẹ́ mi kan" ló máa ń fẹ́ sọ, kó sì gbé ìyókù mì.

"Káfíńtà Óòkéè yẹn náà ni?" ni Àǹtí béèrè, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín.

"Òun ni, Àǹtí. Adégoróyè ọmọ Akínlàjà, ará Ìrágbìjí. Káfíńtà ni. Ilé ìwé oníyàrá mẹ́rìnlá kan wà ní Ìlọrin, lórí rẹ̀ ló wà báyìí. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà, pákó ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èmi ló fẹ́ fẹ́, Bàbá. Òun ni èmi náà fẹ́."

Ó sọ ọ́ ketekete, kò fa ohùn, kò sì wo ilẹ̀. Àǹtí wá ń wo bọ́tìnnì rẹ̀ kẹta.

Bàbá rẹ̀ gbé ojú sókè, ó wo àjà pálọ̀, níbi tí òjò ti ya àwòrán aláwọ̀ ilẹ̀ ńlá kan sí, tí abọ́ sì wà lórí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

"Pákó ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí?"

"Rárá, sà."

"Sọ fún un," ni bàbá rẹ̀ wí, "kó mú òòlù dání."